Iná mànàmáná láti inú ìgbẹ́ ẹran, èèpo ẹ̀gẹ́ àti pákó: ìbéèrè tí àwọn ará Òṣogbo ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ kòtò gáàsì àti títún ẹ́ńjìnnì ṣe, Òṣogbo sì ni mo ti ń ṣe é. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní Ọjà Ọba, ní odò ẹran, lórí fóònù, títí kan ibi òkú tí mo lọ bá wọn ṣe. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ náwó lè kọ́kọ́ kà á.

Kí ni wọ́n ń pè ní biomass?

Ohunkóhun tó hù látinú ilẹ̀ tàbí tó jáde lára ẹranko ni, tí a lè sun tàbí tí a lè jẹ́ kó rà kí agbára lè ti inú rẹ̀ jáde. Igi, ṣùkù àgbàdo, èèpo èkùrọ́, èèpo kòkó, ìgbẹ́ màlúù, àjẹkù oúnjẹ, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìháhá dáná, tí wọ́n ń tan ògùṣọ̀ lálẹ́, òun náà ni wọ́n ń lò. Ohun tó yàtọ̀ nísinsìnyí ni pé a fẹ́ kí agbára yẹn gba inú ẹ̀rọ kọjá kó tó kàn wá lára.

Ṣebí Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Kí ló dé tí a tún ń wá iná nínú ìgbẹ́?

Òótọ́ ni, ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná orílẹ̀-èdè yìí wà ní Òṣogbo níbí. Ṣùgbọ́n dídarí iná yàtọ̀ sí pípèsè rẹ̀. Iná tí wọ́n ń darí lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti ń ṣe é, orí òpó ńlá ló sì ń gbà kọjá lórí wa. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákú, bó ṣe ṣẹlẹ̀ léraléra ní ọdún 2024, inú òkùnkùn kan náà ni àwa àti ará Sókótó máa ń wà.

Owó rẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná fún wákàtí tó pọ̀ jù lójúmọ́, lọ sí 225 náírà. Bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń rọ gàrí ní ọ̀nà Ìlobùú tàbí tó ń sin adìẹ ní Ìfọ́n kò lè máa fi èrè rẹ̀ ra epo títí láé, nígbà tí nǹkan tó lè di iná ń jẹrà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ọ̀nà wo ni ìdọ̀tí ń gbà di iná?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkínní ni kí a sun ún lábẹ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí omi ń hó nínú rẹ̀, kí ooru omi lè yí tọ́báìnì tó ń yí ẹ̀rọ iná. Ti ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ṣúgà ní Mauritius àti Brazil ń fi pàǹtí ìrèké ṣe é, wọ́n sì ń ta iná tó ṣẹ́kù fún ìjọba. Tí ẹ bá ṣe é ní kékeré, ooru tó máa ṣòfò á pọ̀ ju iná tó máa jáde lọ, nítorí náà n kì í gba ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo nímọ̀ràn rẹ̀.

Èkejì ni gasifier. Àgbá irin ni, a máa ń sun igi gbígbẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó o. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tó, igi náà kò jóná tán. Gáàsì tó ṣì lè jó ló ń tú jáde. A ó tù ú, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì darí rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀kẹta ni kòtò tàbí àgbá tí a dé pa, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á jẹ ìgbẹ́ àti àjẹkù inú rẹ̀, wọ́n á sì tú gáàsì sílẹ̀. Tí a bá dá gáàsì yìí sí ọ̀nà 100, láti 50 sí 70 nínú rẹ̀ ló jẹ́ methane, èyí tó ń jó. Ohun tó bá gbẹ, gasifier ló ni ín. Ohun tó bá tutù, kòtò ló ni ín. Tí ẹ bá fi ìkan sí ipò èkejì, ẹ ti pàdánù owó.

Ṣé ilé mi kò ní máa rùn?

Kòtò tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í rùn. Ìgbẹ́ tó wà níta ló ń rùn. Omi tó ń jáde lódìkejì kòtò lẹ́yìn tí ìgbẹ́ ti rà tán kò ní òórùn púpọ̀, ajílẹ̀ tó dára ni, ẹ̀fọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Tí kòtò yín bá ń rùn, ó ti jò, ẹ pe ẹni tó kọ́ ọ.

Màlúù tàbí adìẹ mélòó ló máa tan ilé mi?

Màlúù kan tí ẹ so mọ́lẹ̀ tí ẹ sì ń bọ́ dáadáa á yàgbẹ́ bíi kílò 10 lójúmọ́. Kílò kan ìgbẹ́ tútù á fún yín ní gáàsì bíi lítà 30 sí 40. Nítorí náà, màlúù mẹ́ta á fún yín ní bíi lítà 1,000 lójúmọ́. Lítà 1,000 yẹn, nínú ẹ́ńjìnnì kékeré, á ṣe bíi yúnìtì kan sí yúnìtì kan àbọ̀. Fáànù méjì, gílóòbù márùn-ún tí kì í jẹ iná púpọ̀, àti tẹlifísọ̀n kan fún wákàtí márùn-ún, yúnìtì kan àti díẹ̀ ni wọ́n máa jẹ. Ẹ má tíì dárúkọ fíríìjì.

Màlúù tó ń jẹ̀ kiri látàárọ̀ dalẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí. Inú igbó ló ń yàgbẹ́ rẹ̀ sí, èyí tó bá yà sí ọgbà lóru nìkan lẹ lè kó. Àwọn tó ń sin adìẹ ló rọ̀ lọ́rùn jù. Adìẹ 1,000 tó ń yé ẹyin á fún yín ní ìgbẹ́ tó ju kílò 100 lọ lójúmọ́, iná tó lè jáde nínú rẹ̀ á tó yúnìtì 5 sí 8. Ìyẹn á tan gílóòbù inú àká adìẹ lóru, á sì fa omi kànga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí àwọn oníbàárà kan kì í fẹ́ gbọ́. Tí gáàsì yín kò bá ju lítà 1,000 sí 2,000 lọ, ẹ fi dáná. Lítà 1,000 á sebẹ̀, á sì ro ọkà fún ìdílé ènìyàn márùn-ún lójúmọ́. Tí ẹ bá fi sínú ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ á bá ooru àti ariwo lọ. Tí ẹ bá fi dáná, púpọ̀ nínú rẹ̀ á dé ìdí ìkòkò.

Ṣé mo lè rọ gáàsì yìí sínú sílíńdà bíi ti ìdáná?

Rárá. Gáàsì tí a ń rà nínú sílíńdà máa ń di omi tí wọ́n bá fún un mọ́ra, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ fi ń gba inú nǹkan kékeré. Methane kì í di omi ní ìwọ̀n ooru ilẹ̀ wa, bó ti wù kí ẹ fún un tó. Inú àpò rọ́bà ńlá tàbí lábẹ́ ìdérí kòtò la máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ rọ ọ́ sínú sílíńdà, ẹ sá fún un.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo ní, ṣé ó lè lo gáàsì yìí?

Ó lè lò ó, ṣùgbọ́n a máa ní láti tún ibi tí bẹntiróòlù ti ń pàdé afẹ́fẹ́ ṣe kí gáàsì lè gba ibẹ̀ wọlé. Agbára rẹ̀ á dínkù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé fíríìjì pẹ̀lú bẹntiróòlù lè má gbé e mọ́.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Gáàsì inú kòtò ní nǹkan kan nínú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó sì máa ń jẹ irin. Ẹ jẹ́ kí gáàsì gba inú páìpù tí ẹ ki kànìnkànìn onírin tó ti dógùn-ún sí kọjá. Ìpàdé irin tó dógùn-ún pẹ̀lú rẹ̀ ló ń mú un kúrò. Tí kànìnkànìn náà bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, ó sì ń gba ẹ́ńjìnnì là.

Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni mo ní. Ṣé ó tó?

Ó pọ̀ tó, àmọ́ kò dá tó. Èèpo ẹ̀gẹ́ a máa kan, kíkan yẹn á sì pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe gáàsì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ inú yín á dùn nítorí pé nǹkan ń hó; ní ọ̀sẹ̀ kẹta gáàsì á dá dúró. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí ti ewúrẹ́, kí ìgbẹ́ sì pọ̀ ju èèpo lọ ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa fi èèpo kún un díẹ̀díẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ nìkan náà ní ìṣòro tirẹ̀, ó máa ń le jù fún àwọn kòkòrò yẹn, ẹ fi omi là á dáadáa. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn adìẹ ní oògùn, ẹ má da ìgbẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn sínú kòtò. Oògùn tó ń pa àìsàn á pa kòkòrò yín pẹ̀lú. Omi ọṣẹ náà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Mo ní ilé ìlagi. Iná mélòó ló wà nínú pákó tí mo ń dà nù?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, torí pé àwọn onílé ìlagi wa ń sun owó mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀yìn ilé ìlagi kọjá ní ìrọ̀lẹ́ mọ èéfín tí mò ń sọ, tí kì í kú tọ̀sán tòru.

Ẹ̀rọ gasifier kékeré máa ń jẹ igi gbígbẹ bíi kílò kan sí kílò kan àbọ̀ kó tó ṣe yúnìtì kan. Ẹ jẹ́ ká mú kílò kan àbọ̀, kí a má bàa tan ara wa. Tí ẹ bá ní kílò 200 pákó gbígbẹ lójúmọ́, iná bíi yúnìtì 133 nìyẹn. Mọ́tò ayùn tó jẹ́ 30 kW (1 kW fún wákàtí kan ni yúnìtì kan) tó bá ṣiṣẹ́ tagbáratagbára fún wákàtí márùn-ún máa jẹ yúnìtì 150. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, kò sì tó.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kì í ṣe igi gbígbẹ. Ìdajì rẹ̀ lè jẹ́ omi. Kílò 200 tí ẹ wọ̀n ní àárọ̀ yẹn, tí ẹ bá sá a títí ó fi gbẹ dáadáa, kílò bíi 118 ló máa kù. Yúnìtì 78 péré ló máa jáde níbẹ̀. Mo ti rí ìwé ètò tí wọ́n ṣe fún ilé ìlagi kan tó fi igi tútù ṣírò bí ẹni pé ó ti gbẹ. Onílé ìlagi náà ti fẹ́ yáwó lórí rẹ̀ kí a tó jọ jókòó tún un ṣírò.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ lẹ́búlẹ́bú, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́dọ́ọ̀sì. Ó kúnná jù. Tí ẹ bá dà á sínú gasifier lásán, á dí, gáàsì kò ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ ní láti fi ẹ̀rọ fún un kó le bí búlọ́ọ̀kù kékeré kí ẹ tó lò ó, owó nìyẹn náà. Àfọ́kù pákó tí ẹ bá gé wẹ́wẹ́ bí àtàǹpàkò ló dára jù. Èèpo èkùrọ́ náà ń jó dáadáa, ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń pa èkùrọ́ ní àdúgbò yín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé pákó ti gbẹ tó?

Ẹ má fi ojú wò ó. Ẹ wọn kílò kan pákó lórí òṣùwọ̀n, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù, ẹ gbé e sórí iná tí kò le, ẹ máa rò ó bí ẹni ń yan gàrí. Ẹ má jẹ́ kó jóná. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ tún un wọ̀n. Nígbà tí kò bá fúyẹ́ mọ́, ohun tó dín nínú kílò kan yẹn ni omi inú rẹ̀. Tó bá dín ní 150 gíráàmù, ẹ lè lò ó. Tó bá dín ní 300, ẹ dá a padà sínú oòrùn.

Ní àkókò ọyẹ́, ilẹ̀ fífẹ̀ tó mọ́ ti tó. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ẹ kò lè ṣe é láìní ibi tí ẹ bo lórí, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò bá fi owó páànù bíbo yẹn sínú ètò rẹ̀ kò ní rí iná lò ní oṣù méje nínú ọdún.

Wọ́n ní gasifier máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni tí wọn kò bá sẹ́ gáàsì rẹ̀ mọ́. Nínú èéfín igi, ọ̀dà dúdú kan wà. Nígbà tó gbóná, kò sí ẹni tó máa rí i. Nígbà tó bá tutù nínú ẹ́ńjìnnì, á lẹ̀ mọ́ fáàfù bí oje igi.

Mo ṣí ẹ́ńjìnnì kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta. N kò lè fi ọwọ́ yọ fáàfù rẹ̀. Mo fi òòlù rọra kàn án, ọ̀dà náà fà gùn bí oyin tó tutù, ó dúdú, òórùn rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n yan jù. Àwọn tó ta ẹ̀rọ náà sọ fún onílé ìlagi yẹn pé kò sí ohun tí kò lè jẹ, ó sì gbà wọ́n gbọ́, ó ń da igi tútù sí i. Igi tútù ni kì í jẹ́ kí inú àgbá gbóná tó láti sun ọ̀dà náà tán. Owó tó fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe kò jìnnà sí iye tó fi rà á, inú mi kò sì dùn sí i títí di òní.

Nítorí náà: igi gbígbẹ, asẹ́ tí ẹ ń fọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí nìkan. Ẹni tó ń la pákó kò lè máa sáré wá wo gasifier.

Ewu wo ló wà nínú rẹ̀?

Ewu tó lè pa ènìyàn ni. Gáàsì gasifier ní carbon monoxide nínú, májèlé tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, oorun ni ènìyàn máa rò pé òun ń sùn. Ẹ má ṣe gbé e sínú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a ti pa fèrèsé rẹ̀ dé. Methane náà, tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ láti 5 sí 15 nínú ọ̀nà 100, á bú gbàmù bí iná bá ṣẹ́ sí i. Ẹ má ṣe fi ìṣáná wá ibi tó ti ń jò. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa ojú páìpù, ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kòtò gáàsì láti gbá a, kódà bí wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ jáde. Tí ẹnì kan bá ṣubú sínú rẹ̀, ẹni tó bá bẹ́ wọlé láti gbà á máa kú tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ eléyìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ gé igbó wa tán?

Tó bá jẹ́ pé igi la máa gé lulẹ̀ nítorí iná, n kò sí níbẹ̀. Igi tó ń hù ń fa afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra, tí a bá sun ún, á dá a padà. Ìyẹn dọ́gba nígbà tí òmíràn bá hù dípò rẹ̀ nìkan. Ìdọ̀tí ilé ìlagi, èèpo èkùrọ́, ṣùkù àgbàdo, àwọn yẹn ti wà nílẹ̀ ná, sísun tàbí jíjẹrà ló sì ń dúró dè wọ́n. Ìgbẹ́ tó ń rà níta náà ń tú methane sí ojú ọ̀run, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná sì fi nǹkan bíi 28 ìlọ́po ju ti carbon dioxide lọ láàárín 100 ọdún.

Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣa ẹ̀ka gbígbẹ kan níbẹ̀ fún ẹ̀rọ. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹnì kan bi mí rí.

Ṣé ìdọ̀tí tí wọ́n ń kó jọ ní ìgboro lè tan gbogbo Òṣogbo?

Kò lè ṣe é. Ní Ethiopia, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ Reppie ní Addis Ababa ní ọdún 2018 láti máa sun ìdọ̀tí ìlú, agbára rẹ̀ jẹ́ 25 MW (1 MW jẹ́ 1,000 kW). Ìlú tí èrò pọ̀ bí yanrìn nìyẹn, agbára yẹn kò sì lè dá tan gbogbo rẹ̀. Ìdọ̀tí ilé wa tutù, yanrìn àti ọ̀rá sì kún inú rẹ̀, sísun ọ̀rá sì ń fẹ́ asẹ́ èéfín olówó ńlá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọlọ́jà ya àjẹkù èso àti ẹ̀fọ́ sọ́tọ̀ fún kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kí iná rẹ̀ tan ọjà náà lálẹ́. Ìyẹn ṣeé ṣe.

Sólà ti wà. Kí la tún ń fi èéfín ṣe?

Fún ilé tó fẹ́ gílóòbù, fáànù àti tẹlifísọ̀n, ẹ ra sólà. Mo sọ ọ́ láìfi pamọ́. Ilé iṣẹ́ Husk Power bẹ̀rẹ̀ ní Bihar, ní Íńdíà, ní ọdún 2007, èèpo ìrẹsì ni wọ́n ń sun nínú gasifier láti fi tan abúlé. Nígbà tó yá, wọ́n fi sólà kún un, sólà sì ni wọ́n gbé wá sí Nàìjíríà níbí. Ó yẹ kí a kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ibi tí biomass ti lágbára ni ibi tí ìdọ̀tí ti pọ̀ sójú kan, tí iṣẹ́ sì ń lọ tó fẹ́ ooru pẹ̀lú iná: ilé ìlagi tó ń gbẹ pákó, ilé epo pupa, ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, odò ẹran tó ń fẹ́ omi gbígbóná. Ooru tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì kò ní ṣòfò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀ kó lọ sí oko Songhai ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí bàbá ìjọ Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì níbẹ̀, omi rẹ̀ sì ń di oúnjẹ fún oko. Wọ́n ń sọ Yorùbá ní Porto-Novo, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìn.

Ṣé mo ní láti gba ìwé àṣẹ?

Lábẹ́ òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023, ẹni tí iná tó ń ṣe lójú kan kò bá ju 1 MW lọ kò nílò láísẹ́ǹsì ìpèsè iná. Èyí tí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní Òṣogbo lè ṣe kò sún mọ́ iye yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ máa ta iná fún àwọn aládùúgbò, pípín iná tí kò ju 100 kW lọ ni òfin fi sílẹ̀ láìsí láísẹ́ǹsì. Òfin yẹn kan náà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa ṣàkóso iná tirẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ẹ tó na wáyà kọjá títì. Ẹ má sì so ẹ̀rọ yín mọ́ wáyà ìjọba láìsí ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Iná yín lè gba wáyà padà kó pa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí òpó.

Ìdọ̀tí jẹ́ ọ̀fẹ́ lónìí. Ṣé ọ̀fẹ́ ló máa jẹ́ lọ́la?

Rárá o, ibi tí ọ̀pọ̀ ètò kú sí nìyí. Kí ẹ tó débẹ̀, sọ́dọ́ọ̀sì yẹn ti ní ẹni tó ń lò ó: àwọn tó ń sin adìẹ ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ àká, àwọn ìyá kan ń fi dáná. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni àwọn kan ń sá tí wọ́n ń tà fún olówúrẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i pé ẹ̀rọ olówó ńlá ń dúró dè é ni ó máa di ọjà. Tí ẹ bá tún gbà á lọ́wọ́ ìyá tó ń fi dáná, kí ni òun máa fi dáná?

Ohun tí mo máa ń ní kí oníbàárà ṣe kó tó san kọ́bọ̀ kan ni kó lọ bá àwọn tó ni ìdọ̀tí náà, ó kéré tán mẹ́ta kì í ṣe ẹnì kan, kí wọ́n jọ kọ ìwé: kílò mélòó lọ́sẹ̀, iye owó fún ọdún mẹ́ta, ta ni máa gbé e, kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní oṣù tí kò bá sí igi. Kó sì fi ìdá kan sílẹ̀ fún àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kó wọn ohun tó ń dé gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. Tí iye tó wà nínú ìwé yẹn kò bá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n ṣèlérí, kó má tíì ra ẹ̀rọ.